Ọbẹ̀ Tí Leong Ṣẹ́kù

Tí ẹ bá fẹ́ mọ Leong, ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń jẹun àárọ̀ ní ilé kọfí mi ní Taiping. Mi ò gbọ́ kó wí pé nǹkan dùn rí, mi ò sì gbọ́ kó wí pé nǹkan ò dùn. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló ń wọlé, yálà òjò ń rọ̀ tàbí òjò fẹ́ rọ̀, nítorí nílùú wa kò sí ìkẹta. Á fi agbòjò rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga, á jókòó sídìí òpó, á wá máa wo ìta bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀. Kò dúró de ọkọ̀ kankan. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi pín lẹ́tà lórí kẹ̀kẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Australia, òun náà sì ń bọ̀ wá jẹ núdù láràárọ̀.

Èmi ni Hoe. Bàbá mi ló ni ilé kọfí náà kó tó di tèmi. Èmi kì í se oúnjẹ. Kọfí, tíì àti búrẹ́dì yíyan ni tèmi. Àwọn alásè ló gba àyè ìdáná lọ́wọ́ mi níwájú ilé, oníkálukú pẹ̀lú oúnjẹ kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sè. Oníbàárà á jókòó, á ra oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó wù ú, á ra kọfí lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá jókòó tí kò ra kọfí, mo máa ń nu tábìlì rẹ̀ títí á fi dìde.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ fún alásè pé oúnjẹ rẹ̀ ò dáa. Ìwọ̀sí ni. Ohun tí à ń ṣe ni pé a ó jẹ díẹ̀, a ó ṣẹ́ ọbẹ̀ kù sínú abọ́, a ó dúpẹ́ dáadáa, a ò sì ní padà wá mọ́. Alásè á wo inú abọ́, á mọ ohun tí wọ́n wí. Abọ́ tó gbẹ dé ìsàlẹ̀, ìyìn ni. Abọ́ tí ọbẹ̀ kù sí, wọ́n ti dá ẹjọ́ nìyẹn, kò sì sí ibi téèyàn lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí.

Nínú gbogbo abọ́ ilé kọfí mi, ti Leong ni wọ́n ń wò jù. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ṣẹ́ ọbẹ̀ kù láyé ọjọ́un, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni alásè wá jẹ́wọ́ fún mi nígbà tó yá pé omi àgbọn àná lòun fi se é. Láti ìgbà náà ni ìlú ti gbé ẹnu Leong sípò adájọ́, láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún tó kọjá, ó ṣíwọ́ lílọ sọ́dọ̀ Ah Tiam, tó ń ta ìrẹsì àti adìyẹ lókè lọ́hùn-ún. Kó tó pé oṣù mẹ́jọ, Ah Tiam ti ilẹ̀kùn. Nísinsìnyí, ilé kọfí mi ni Ah Tiam ń jókòó sí láràárọ̀, tábìlì kẹta sí ti Leong, ó ń mu kọfí kan ṣoṣo fún wákàtí méjì, ó sì ń wo ẹ̀yìn orí Leong.

Nǹkan kan wà tí ìlú ò mọ̀. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí ikọ́ àrànkálẹ̀ yẹn ń lọ káàkiri ayé, ó mú Leong, ó sì fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó kó adùn ẹnu rẹ̀ lọ. Bí mo ṣe mọ̀ nìyí. Mo ní oníbàárà kan tó ní àtọ̀gbẹ, kọfí dúdú tí kò ní ṣúgà ni tirẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ṣèèṣì gbé e fún Leong, ẹni tó jẹ́ pé kọfí tirẹ̀ ní mílíìkì alágolo débi pé ṣíbí ń dá dúró nínú rẹ̀. Ó mu ún tán. Lọ́jọ́ kejì mo fi iyọ̀ sí i. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, ìwádìí ni mò ń ṣe. Ó mu ìyẹn náà tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Ó gbóná dáadáa."

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "iyọ̀ ni mo fi sí i."

Ó wò mí títí. "Ṣíbí mélòó?"

"Méjì."

"Má sọ fún ẹnì kankan," ló wí. Mi ò sì sọ.

Àyè ìdáná tí Leong ti ń jẹun ni ti Sau Lan, tó ń ta núdù ọlọ́bẹ̀ kọ́rì. Sau Lan ò ga, kì í sì í rẹ́rìn-ín kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Bí Leong bá jẹun tán, Sau Lan á gbójú sókè wò ó láti ìdí ìkòkò, Leong á mi orí lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ láàárín ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀yìn sítáǹbù kan lè gbà á. Ní oṣù keje ọdún yìí, ọkàn Sau Lan ń ṣe ségesège, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, ó kú. A fi aṣọ bo ìdáná rẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta tí à ń fi ṣọ̀fọ̀ òkú lọ́dọ̀ wa. Leong ń bọ̀ síbẹ̀ láràárọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì mi láìwo ohun tó wà lórí ẹ̀. Ó dùn mí láti máa rí i bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń kùn mọ́ ọn kó má baà hàn.

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínláàádọ́ta ni Pui Yi, ọmọ Sau Lan, dé láti Penang. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń pe orúkọ àwọn tí eyín ń dùn. Ó gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó fi fọ ìkòkò, ó fi rajà, ó fi se ọbẹ̀ nílé, ó ń dà á nù. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó níwájú mi.

"Ànkù Hoe, ta ló ń bẹ̀ yín fún àyè yẹn?"

Ọkùnrin kan tó ń ta núdù ẹlẹ́ja ló ń pè mí lójoojúmọ́. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀.

"Ẹ bá mi dá a dúró di Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n sè. Ṣùgbọ́n Ànkù Leong ló máa sọ. Tó bá jẹ ẹ́ tán, màá kọ̀wé fi iṣẹ́ Penang sílẹ̀. Tí ò bá jẹ ẹ́ tán, màá padà lọ, kẹ́ ẹ gbé àyè fún ẹlẹ́ja."

Ó yẹ kí n ti la ẹnu mi nígbà náà. Ìlérí ló dì mí lẹ́nu. Àti pé, kí n má purọ́, mo rò pé Leong á kàn jẹ ẹ́ tán bó ṣe ń jẹ ẹ́ tán láti ọdún méjì, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Leong wọlé, ó fi agbòjò kọ́. Pui Yi fi ọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ wá bá a.

"Ànkù, ẹ bá mi tọ́ ọ wò."

Kò kúrò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò dúró ti ẹnikẹ́ni rí. Gbogbo ilé kọfí wá rántí pé àwọn náà ní ojú. Ah Tiam sọ ife rẹ̀ kalẹ̀. Leong bu ọbẹ̀ sẹ́nu, ó dúró. Ó tún bù ú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, bí ẹni tó fọwọ́ kan àpò tí kò bá nǹkan rẹ̀ níbẹ̀. Ó jẹ núdù díẹ̀, ó bu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá rọra gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó dìde, ó mú agbòjò.

"O ṣeun, ọmọ mi," ló wí, ó sì wọ inú òjò lọ láìṣí agbòjò náà.

Ọbẹ̀ inú abọ́ ju ìdajì lọ. Pui Yi gbé e, ó ń wo inú rẹ̀ bí ẹni pé nǹkan jábọ́ síbẹ̀.

"Ànkù Hoe, ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?"

"Òjò ń rọ̀," ni mo dá a lóhùn, bí ẹni pé ìyẹn ni ó béèrè.

Àwọn èèyàn ò sọ nǹkan kan. Wọn kì í sọ. Àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń wá láti ilé ìtajà irin ra abọ́ méjì, wọ́n pín in jẹ. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ra ìrẹsì ọlọ́ràá lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n sì kí Pui Yi tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Ìkíni yẹn ló burú jù. Títí di Ọjọ́bọ̀, ó ń da ìdajì ìkòkò sí gọ́tà lọ́sàn-án. Ah Tiam ń wò ó.

"Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," Ah Tiam sọ fún mi. "Wọ́n á kọ́kọ́ máa kí ẹ."

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbọ́ tí Pui Yi ń sọ lórí fóònù pé òun á padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ́ńdè. Nígbà tó sọ fóònù kalẹ̀, ó ní kí n pe ẹlẹ́ja. Kò sunkún, ṣùgbọ́n ó ń nu ibì kan náà lórí ìdáná láìdúró.

Mo ti ilẹ̀kùn ilé kọfí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo mú búrẹ́dì kan dání kó má baà dà bíi pé ìjà ni mo wá jà, mo lọ sílé Leong. Ó wà níwájú ilé, ó ń wo òjò.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ ṣẹ́ ọbẹ̀ kù?"

"Mo yó."

"Ẹ ò yó rí láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

Ó gba búrẹ́dì, ó gé e, ó fún mi lára búrẹ́dì mi.

"Hoe, láti ọdún méjì, mi ò mọ adùn, mi ò mọ iyọ̀. Ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ Sau Lan, nǹkan kan wà níbẹ̀ tó máa ń ta mí láhọ́n. Nǹkan kékeré báyìí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń dìde lórí ibùsùn. Ti ọmọ yẹn, omi gbóná lásán ni. Yálà kò mọ̀ ọ́n sè, tàbí èyí tó kù lẹ́nu mi náà ti lọ. Mi ò mọ èwo. Ṣé kí n wá purọ́ fún un, kó fi iṣẹ́ oníṣẹ́ sílẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un nígbà náà."

"Níwájú Ah Tiam?"

"Kí ló kan Ah Tiam nínú ẹ̀?"

"Orúnkún mi ni, Hoe. Òkè yẹn ni mi ò lè gùn mọ́. Adìyẹ ẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan."

Mo jókòó. Mo jẹ búrẹ́dì náà. Mi ò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, ì bá sì wù mí kí n má mọ̀ ọ́n láé.

"Ikú yá ju ẹ̀sín," ni Leong wí.

"Ikú ta ni? Ọmọ yẹn ló ń di ẹrù. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tiyín yìí, tara ẹlòmíì ló ń bá yín dákẹ́."

Mo dìde, mo lọ, òjò pa mí dé ilé.

Lọ́jọ́ Àìkú, ilé kọfí kún. Àwọn tó ń kó ìdílé wá jẹun wà níbẹ̀, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń sá láàárín tábìlì. Pui Yi ò se púpọ̀. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àga ìdí òpó ṣófo. Aago mẹ́jọ, ó ṣófo. Mo ti ń bínú sí i dé egungun nígbà tó wọlé, lẹ́yìn aago mẹ́jọ ààbọ̀. Kò lọ sídìí òpó. Ìdí ìdáná ló lọ dúró sí, pẹ̀lú agbòjò tó ń kán tótó lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ànkù," ni Pui Yi wí.

"Pui Yi, ẹnu mi ò mọ nǹkan kan. Ó ti pé ọdún méjì. Ikọ́ yẹn ló gbé e lọ." Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n ó pín lẹ́tà fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dé ilé. "Ọbẹ̀ tí mo ṣẹ́kù, mi ò lè sọ bóyá ó dùn tàbí kò dùn." Ó yíjú sí àwa yòókù. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo abọ́ mi, kí oníkálukú máa lo ẹnu ara ẹ̀."

Omi mi ń hó lórí iná, mi ò gbé e.

Ah Tiam ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọdún méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ọdún tó kọjá lẹ ṣíwọ́ adìyẹ mi."

"Orúnkún ni, Tiam. Òkè yẹn. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Orúnkún," ni Ah Tiam wí, bí ẹni tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ náà. "Mo pààrọ̀ atalẹ̀. Mo pààrọ̀ ẹni tó ń kó adìyẹ fún mi. Mo pààrọ̀ ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo mú ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn pé kí wọ́n yẹ ahọ́n ẹ̀ wò, bóyá òun ni kò mọ iyọ̀ mọ́. Orúnkún."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èmi lọ máa fọ ife, nítorí ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi, kò sì yẹ. Ah Tiam dìde. Mo rò pé ó máa lu Leong. Ohun tó ṣe ni pé ó fa àga kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáná.

"Ọmọ, bu abọ́ kan wá. Kí ẹni tó ní ahọ́n bá ọ jẹ ẹ́."

Ó jẹ ẹ́ bí alásè ṣe ń jẹ oúnjẹ alásè, pẹ̀lú ìfura. Nígbà tó kan ọbẹ̀, ó gbé abọ́ sókè, ó mu ún dé ìsàlẹ̀, ó wá na inú abọ́ náà sí Leong.

"Ó gbẹ," ni Ah Tiam wí. "Ẹ lè fi ojú rí ìyẹn, àbí ojú náà ti lọ?"

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ilé ìtajà irin gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí Pui Yi bu mẹ́rin wá. Ṣùgbọ́n Pui Yi ò gbọ́ ọ. Leong ló ń wò.

"Ànkù, lọ́jọ́ Ajé, kí ló ṣe yín gan-an? Mo rí ojú yín."

"Ti ìyá ẹ máa ń ta mí lẹ́nu díẹ̀," ni Leong wí. "Ìyẹn nìkan ló kù tí mo ń gbọ́. Tìrẹ ò ta mí. Mo rò pé mo ti parí nìyẹn."

Pui Yi gbé ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣíbí mẹ́ta," ló wí.

"Kí ni?"

"Nílé ìwòsàn, Mọ́mì ń ka oúnjẹ àwọn oníbàárà fún mi. Tábìlì ẹnu ọ̀nà ò fẹ́ ẹ̀wà híhù. Ànkù Hoe ò ní ra nǹkan kan, ahun ni. Ànkù Leong, ṣíbí ata mẹ́ta, látinú ìkòkò kékeré. Mo ní, 'Mọ́mì, ṣíbí kan lẹ̀ ń bù fún gbogbo èèyàn.' Wọ́n ní mẹ́ta, ó ti tó ọdún méjì. Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ta ló máa bu ata tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹnu Ànkù Leong? Ṣíbí kan ni mo bù."

Leong jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù. Kì í ṣe tirẹ̀.

"Kò bi mí ní nǹkan kan rí," ló wí. "Láràárọ̀ ni mò ń mi orí fún un, pé ó dáa. Ó mọ̀ pé irọ́ ni."

Ojú tì mí. Ọdún méjì ni mo fi ń rò pé èmi nìkan ni mo mọ àṣírí ọkùnrin yìí. Èmi fi iyọ̀ sí kọfí rẹ̀ kí n lè rídìí ọ̀rọ̀, mo sì gbéra ga lórí ìyẹn. Obìnrin yẹn rídìí ọ̀rọ̀ láìdán ẹnikẹ́ni wò, ó fi ata kún un, ó dákẹ́, ó ń se oúnjẹ lọ.

Pui Yi ti padà sídìí ìkòkò. Ó da núdù sínú omi, ó gbọ̀n ọ́n, ó bu ọbẹ̀ lé e. Ó ṣí ìkòkò kékeré, ó bu ṣíbí kan, ó bu èkejì, ó dúró díẹ̀, ó bu ẹ̀kẹta. Ọbẹ̀ náà pọ́n débi pé ọmọ kékeré kan bọ́ sílẹ̀ lórí àga wá wò ó. Ó gbé e síwájú Leong. Lọ́tẹ̀ yìí kò dúró tì í. Ó lọ bu abọ́ mẹ́rin ti àwọn obìnrin wọ̀nyẹn.

Leong bu ọbẹ̀ sẹ́nu, ó dúró, ó tún bù ú. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Imú rẹ̀ ń ṣàn, ojú rẹ̀ náà ń ṣàn, kò nu ọ̀kankan nínú méjèèjì. Kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó jẹ́ ti ata nínú omi ojú yẹn, a ò sì bi í. Ó jẹ núdù tán, ó gbé abọ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó mu ún dé ìsàlẹ̀. Ó gbójú sókè wo ìdí ìkòkò, ó mi orí lẹ́ẹ̀kan.

Pui Yi nu ọwọ́ sára aṣọ ìdáná.

"Ṣé kò pọ̀ jù, Ànkù? Àbí kí n dín in kù lọ́la?"

"Má dín in kù," ni Leong wí.